Lẹ́yìn Ìrun Àsùbá: Ohun Tí Àṣàrò Ń Ṣe Nínú Ọpọlọ

Ní Olúpọ̀nnà, ìlú kékeré tó wà lẹ́bàá Ìwó, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ayédìíre, ìrun àsùbá kì í parí síbi tí lẹ́mọ́mù ti sálámà. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń tètè dìde ní tiwọn, torí oko ń pè, ọjà ń pè, ọ̀kadà sì ti ń dún lóde. Àwọn àgbà ló máa ń ṣẹ́kù. Wọn a ká ẹsẹ̀ kò lórí ẹní, wọn a dorí kodò, tẹ̀sùbáà a máa yọ́ rìn láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀, ètè a máa mì, ohùn ò ní jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè kọjá, ogún lè kọjá. Ẹni tó ń wò wọ́n láti ìta lè rò pé oorun àárọ̀ ló kù lójú wọn. Bí a bá lè gbé ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ wọ inú mọ́ṣáláṣí yẹn, a ó rí i pé iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀.

Àṣà yìí ti pẹ́ ní agbègbè náà. Mùsùlùmí ni Ọba Lámúyẹ tó jẹ Olúwòó ti Ìwó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn àfáà sì ti fìdí múlẹ̀ ní Ìwó àti àwọn ìlú tó yí i ká láti ọjọ́ pípẹ́. A rí àwọn tó gba ọ̀nà Kádíríyà, a rí àwọn tó gba ọ̀nà Tíjáníyà. Ṣéù Ahmad al-Tijani tó dá ọ̀nà kejì yìí sílẹ̀ kú sí ìlú Fez ní Mòrókò ní 1815. Ṣéù Ibrahim Niasse, ará Kaolack ní Senegal, tó kú ní 1975, wà lára àwọn tó tàn án káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó bá gba wírìdì wọn ti gba iṣẹ́ ojoojúmọ́. Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, yóò tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run nígbà 100, yóò ṣe àsàlátù fún Ànábì nígbà 100, yóò sì jẹ́rìí nígbà 100 pé kò sí ọba kan àfi Allah. Kò sí ọjọ́ ìsinmi nínú rẹ̀. Ẹni tí kò gba wírìdì pàápàá mọ 33, 33, 33 tí à ń kà lẹ́yìn ìrun.

Ọ̀rọ̀ náà ò sì mọ sọ́dọ̀ Mùsùlùmí. Àwọn Onítẹ̀bọmi, tí wọ́n dá Yunifásítì Bowen sílẹ̀ ní Ìwó ní 2001, ní ìdákẹ́jẹ́ àárọ̀ tiwọn: ẹsẹ Bíbélì kan, ojú dídì, kí a máa yí ọ̀rọ̀ náà wò lọ́kàn. Kí Kùránì àti Bíbélì tó dé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa kì í jí kí wọ́n bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbọ́wọ́ lé orí, kí wọ́n sì kí i.

Ó yẹ kí n sọ èyí kí àfáà kan tó fà mí létí: ìjọsìn ni wírìdì, kò sí ẹni tó ń ṣe é nítorí ọpọlọ. Ẹ̀san rẹ̀ wà lọ́wọ́ Ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé kéré sí ìyẹn. Ara tó jókòó jẹ́ẹ́, èémí tó ń lọ tó ń bọ̀, ọkàn tó ń sá lọ tí à ń fà padà, gbogbo rẹ̀ ló ní ohun tó ń ṣe fún ènìyàn, yálà Allah ló ń pè, Jésù ni, orí rẹ̀ ni, tàbí kò pe ẹnì kankan. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń wọ̀n ọ́n. Òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n ń sọ, àsọdùn náà wà níbẹ̀.

Herbert Benson, dókítà ọkàn ní Yunifásítì Harvard, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó wọn èémí àti ìlùkìkì ọkàn àwọn tó ń ṣe àṣàrò, ó rí i pé ara wọn ń lo afẹ́fẹ́ tó kéré sí ti ẹni tó kàn jókòó lásán, ọkàn wọn sì ń lù díẹ̀díẹ̀. Ní 1975 ó kọ ìwé lé e lórí, ìmọ̀ràn inú ìwé náà ò sì gùn: jókòó síbi tó parọ́rọ́, mú ọ̀rọ̀ kan, máa wí i bí o ti ń mí síta, bí èrò mìíràn bá yọjú, má bá a jà, padà sí ọ̀rọ̀ rẹ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Bí ìwé náà bá dé ọwọ́ bàbá àgbàlagbà kan ní Olúpọ̀nnà, àfàìmọ̀ kó má bi wá léèrè ohun tó jẹ́ tuntun nínú rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ èémí ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló rọrùn jù láti rí. Àgbàlagbà tó jókòó sinmi máa ń mí ní ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Ní 2001, Luciano Bernardi, dókítà ará Ítálì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ènìyàn 23 tí ara wọn dá ṣáṣá jọ. Wọ́n ní kí wọ́n ka rosárì àwọn Kátólíìkì ní èdè Látìn, kí wọ́n sì ka gbólóhùn tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà máa ń wí ní àwítúnwí. Àdúrà méjèèjì fa èémí wọn wálẹ̀ sí nǹkan bí ìgbà 6 ní ìṣẹ́jú kan. Bí gbólóhùn náà ti gùn tó ló ṣe é, torí ẹni tó ń ka àdúrà máa ń parí rẹ̀ kó tó fa èémí mìíràn. Wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni àwọn ará Yúróòpù ti rí ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà mú lọ sílé nígbà ogun ẹ̀sìn láyé àtijọ́, àti pé Íńdíà àti Tíbẹ́ẹ̀tì ni ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá. Tẹ̀sùbáà tó wà lọ́wọ́ àgbà wa ti rin ìrìn àjò jìnnà.

Èémí 6 yẹn bá nǹkan mìíràn mu nínú ara. Agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń sáré nínú iṣan wa kì í dúró sójú kan. Ó máa ń ga díẹ̀, ó máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀, bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá. Àwọn ibì kan wà nínú iṣan ọrùn àti nínú iṣan ńlá tó ti inú ọkàn jáde, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa ròyìn rẹ̀ fún ọpọlọ, kí ọpọlọ lè sọ fún ọkàn pé kó dẹ̀ tàbí kó yára. Bí èémí bá ń lọ ní mẹ́wàá-mẹ́wàá pẹ̀lú rẹ̀, àwọn méjèèjì á jọ máa lọ, ìròyìn náà á sì máa já gaara. Iṣan kan tí wọ́n ń pè ní vagus, tó sọ̀ kalẹ̀ láti ọpọlọ gba ọrùn lọ sí ọkàn àti ikùn, ló ń gbé àṣẹ ọpọlọ náà lọ. Nígbà tí a bá ń mí síta ló máa ń fa ìlùkìkì ọkàn sẹ́yìn. Bí a bá mí sínú, á tú u sílẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí gbólóhùn gígùn bá mú kó mí síta pẹ́, ó ń fún iṣan yìí ní àyè láti ṣiṣẹ́. Èyí kò nílò oṣù mẹ́ta. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, èjìká á rọ̀, àyà á ṣí. Bó bá dìde, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri, kò ní pẹ́ tí yóò fi pòórá. Ohun tó máa bá ènìyàn dé ọjà, tó máa bá a dé alẹ́, ibòmíràn ló ti ń wá.

Ọkàn ènìyàn kì í gbélé. Ní 2010, Matthew Killingsworth àti Daniel Gilbert ní Harvard fi fóònù béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn 2,250 ní àkókò tí wọn ò retí: kí lò ń ṣe báyìí? Kí lò ń rò? Báwo ni inú rẹ ṣe rí? Nígbà 46.9 nínú 100, ohun tí wọ́n ń ṣe kọ́ ni wọ́n ń rò. Nígbà tí ọkàn wọn bá sì ti ṣáko, inú wọn kì í dùn tó ìgbà tó bá wà níbi iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Kódà kí ó jẹ́ ohun dídùn ni wọ́n ń rò, kò mú inú wọn dùn ju ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà níbi tí ara rẹ̀ wà lọ.

Ibi tí ọkàn ń lọ nígbà náà ti ní orúkọ nínú ọpọlọ. Marcus Raichle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 2001: àwọn apá kan ní àárín ọpọlọ, níwájú àti lẹ́yìn, tí wọ́n máa ń jí nígbà tí a kò bá ní iṣẹ́ kan pàtó lọ́wọ́. Wọ́n pè é ní default mode network. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa sọ ìtàn ara wa fún wa. Òun ló ń rántí owó ilé ìwé tó kù, tó ń tún ọ̀rọ̀ tí àna ẹni sọ níbi ìsọmọlórúkọ ọdún tó kọjá sọ, tó ń wá èsì tó yẹ kí a ti fún un. Kò burú, a kò lè gbèrò ọ̀la láìsí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń lọ láìdúró, orí a máa wúwo, oorun a sá.

Ní 2011, Judson Brewer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Yale wo ọpọlọ àwọn tó ti ń ṣe àṣàrò fún ọdún gbọọrọ, wọ́n fi wé ti àwọn tí kò ṣe é rí. Àwọn apá tó ń sọ ìtàn yẹn rọlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àgbà àṣàrò. Wọ́n tún rí i pé apá ẹ̀yìn nínú wọn àti àwọn ibi tó ń kó ọkàn níjàánu jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, kódà nígbà tí wọ́n kàn jókòó tí wọn ò ṣe àṣàrò kankan. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló dùn mọ́ mi jù nínú ìwádìí náà.

Báwo ló ṣe ń dé ibẹ̀? Àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ máa ń rò pé àṣàrò ni kí ọkàn mọ́ láìsí èrò kankan. Bí èrò bá wá dé, wọ́n á ní àwọn ò lè ṣe é. Bẹ́ẹ̀ wíwá èrò náà gan-an wà nínú iṣẹ́. Ènìyàn ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ní ogójì tàbí àádọ́ta ọkàn ti dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tó gba owó tí kò tún mọ́tò ṣe. Ẹnu ṣì ń kà. Lójijì ó fura. Kò bínú sí ara rẹ̀, ó padà sórí ọ̀rọ̀. Ìfura yẹn àti ìpadà yẹn ni ọpọlọ ń kọ́. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ nígbà ogún láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìgbà ogún ló ṣe é, kò pàdánù ohunkóhun. Ìdí nìyí tí ẹnu nìkan kò fi tó. Gbogbo ayé ló mọ Ìwó mọ́ odídẹrẹ́, odídẹrẹ́ sì lè ka ọ̀rọ̀ kan láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹni tó bá ń ka tirẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ojú rẹ̀ wà lójú fóònù, èémí rẹ̀ lè rọ̀, ṣùgbọ́n ìjánu ọkàn rẹ̀ kò ní le ju ti àná lọ.

Àsọdùn tí mo mẹ́nu bà wá kàn báyìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbọ́ ọ pé àṣàrò máa ń mú ọpọlọ tóbi. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ kò ṣókùnkùn. Ní 2005, Sara Lazar fi ọpọlọ ènìyàn 20 tó ti ń ṣe àṣàrò wé ti ènìyàn 15 tí kò ṣe é, ó sì rí i pé èèpo òkè ọpọlọ àwọn tó ń ṣe é nípọn ju ti àwọn yòókù lọ ní àwọn ibi tó jẹ mọ́ ìfiyèsí àti mímọ bí ara ti ń ṣe. Ẹni tó gbọ́n á béèrè: ṣé àṣàrò ló mú un nípọn, àbí ẹni tí tirẹ̀ ti nípọn ni àṣàrò ń wù? Ní 2011, Britta Hölzel àti àwọn mìíràn gbìyànjú láti dáhùn. Wọ́n lo ẹ̀kọ́ àṣàrò ìfiyèsí ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ tí Jon Kabat-Zinn dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Massachusetts ní 1979, wọ́n ya àwòrán ọpọlọ ènìyàn 16 ṣáájú ẹ̀kọ́ náà àti lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì ní hippocampus, ibi tó ń bá wa tọ́jú ìrántí, ti kún sí i. Ìròyìn náà ta káàkiri ayé. Ní 2022, ilé ìwádìí Richard Davidson ní Wisconsin tún un ṣe pẹ̀lú ènìyàn 218, tí wọ́n sì pín wọn sí ẹgbẹ́ bó ti yẹ. Wọn ò rí ìyípadà kankan nínú bí ọpọlọ ṣe tóbi tàbí ṣe nípọn. Davidson kì í ṣe ọ̀tá àṣàrò o. Ìgbà ayé rẹ̀ ló ti lò lórí rẹ̀. Mo gba ti ìwádìí yìí gbọ́ ju èyí tó ṣáájú lọ nítorí pé àwọn tí yóò fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ló jáde sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bóyá ọ̀pọ̀ ọdún lè ṣe ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kò lè ṣe. Ẹni tó bá ní oṣù méjì ti tó láti sọ ọpọlọ di ńlá, ọjà ló ń tà.

Bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí bó ṣe tóbi tó, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ inú dídùn àti inú bíbí wà. Amygdala jẹ́ ègé kékeré kan tó wà ní inú lọ́hùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọlọ, lọ́tùn-ún àti lósì. Ohun tó bá dẹ́rù bani tàbí tó bá múni bínú, òun ló máa ń tètè mọ̀, kí a tó ronú rárá. Ní 2012, Gaëlle Desbordes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn ènìyàn ní àṣàrò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, lẹ́yìn náà wọ́n fi àwòrán tó ń ru ọkàn sókè hàn wọ́n nígbà tí wọn kò ṣe àṣàrò. Amygdala ọ̀tún àwọn tó kọ́ àṣàrò ìfiyèsí kò dá fò bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n kọ́ ti bá wọn kúrò lórí ẹní.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sọ́jà. Oníbàárà kan dúró síwájú ìsọ̀, ó dá iye tí kò dára fún gàárì, ó tún fi kún un pé, "Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, Ìyá, gàárì yín ò tiẹ̀ kúná." Ooru á dìde ní àyà ìyá onígàárì. Lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ líle á ti jáde kó tó mọ̀, inú rẹ̀ á sì bàjẹ́ títí di alaásárì. Ẹni tó ti ń fura sí ọkàn rẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ lè fura sí ooru náà bó ti ń gòkè. Ooru náà kò ṣàì wá, àyè díẹ̀ ló wà láàárín rẹ̀ àti ẹnu. "Ọmọ mi, lọ wò ó níwájú. Tí o bá rí i ní iye yẹn, bá mi ra tèmi bọ̀." Oníbàárà á rẹ́rìn-ín, bóyá á tilẹ̀ rà.

Láti mọ bí ìrànwọ́ yìí ti pọ̀ tó, Madhav Goyal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Johns Hopkins kó ìwádìí 47 jọ ní 2014, tí ènìyàn 3,515 kópa nínú wọn. Àṣàrò ìfiyèsí ń dín àníyàn, ìsoríkọ́ àti ìrora kù ní ìwọ̀nba. Wọn kò rí ẹ̀rí pé ó dára ju eré ìdárayá tàbí oògùn lọ, wọn kò sì rí ẹ̀rí tó tó pé ó ń fi ayọ̀ kún ayọ̀. Mo rò pé ó yẹ kí èyí tẹ́ wa lọ́rùn. Ẹrù ló ń sọ̀, àjẹkún ò sí. Fún àwọn tí ẹrù wọn wúwo gan-an, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní 2000, John Teasdale àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi irú ẹ̀kọ́ yìí kún ìtọ́jú àwọn tí ìsoríkọ́ ti mú nígbà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá 37 nínú 100 ló padà wọ inú rẹ̀ láàárín nǹkan bí ọdún kan, nígbà tó jẹ́ ìdá 66 lọ́dọ̀ àwọn tí kò gba ẹ̀kọ́ náà. Ní 2022, Elizabeth Hoge ní Georgetown fi ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ti Kabat-Zinn dojú kọ escitalopram, oògùn àníyàn tí àwọn dókítà ń kọ fún aláìsàn, láàárín ènìyàn 276, àwọn méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí da oògùn rẹ̀ nù. Abẹ́ ojú dókítà ni wọ́n ti ṣe ìwádìí náà. Àwọn kan sì wà tí ìdákẹ́jẹ́ gígùn kì í bá lára mu. Ní 2017, Willoughby Britton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Brown kọ ìrírí nǹkan bí 60 ènìyàn tí àṣàrò kó ìpayà, àìsùn tàbí ìrántí búburú bá, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àwọn tó ń ṣe é fún wákàtí púpọ̀. Ẹni tó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tó ń rò ó láti gbẹ̀mí ara rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kó lọ. Ní 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ sí í gba irú àwọn bẹ́ẹ̀ ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, tó sì jẹ́ kí wọ́n máa gbé láàárín ìdílé ní àwọn abúlé tó wà nítòsí.

Àdúrà aláriwo yàtọ̀ sí ìdákẹ́jẹ́ tí mo ń sọ yìí. Nígbà tí Andrew Newberg ya àwòrán ọpọlọ obìnrin márùn-ún tó ń fi èdè àjèjì gbàdúrà, ní 2006, ìṣàn ẹ̀jẹ̀ sí iwájú ọpọlọ wọn dínkù, ibẹ̀ sì ni apá tí à ń fi kó ara ẹni níjàánu. Ìṣọ́ òru àti sìkírì gbígbóná ní adùn tiwọn, àárẹ̀ ọkàn a sì lọ níbẹ̀. Ohun mìíràn ni wọ́n ń ṣe.

Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò ní láti ra nǹkan kan. Kó so ó mọ́ ohun tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀: lẹ́yìn àsùbá, lẹ́yìn kíka Bíbélì, tàbí kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kó gbé fóònù sí yàrá mìíràn. Kó jókòó, kí ẹ̀yìn nà, torí ẹni tó bá dùbúlẹ̀ á sùn. Gbólóhùn tó bá ń bá ìgbàgbọ́ rẹ̀ lọ ló dára jù, bó bá sì gùn tó èémí kan síta, ó tún dára sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí kan lọ́jọ́ Àìkú tí a ó gbàgbé títí di Àìkú mìíràn, torí ọpọlọ a máa kọ́ ohun tí à ń tún ṣe. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lè dà bíi pé ariwo inú orí pọ̀ sí i. Ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, etí ni kò tíì sí níbẹ̀. Bí ọjọ́ kan bá fò ó, kó má yọ ọ́ lẹ́nu. Nínú Tíjáníyà, wírìdì tó bá fo ènìyàn, sísan ni yóò san án. Ẹni tí kò gba wírìdì kò jẹ gbèsè kankan. Kó ṣáà jókòó lọ́la.